Ta Ni Rélùwéè Bá Nílé? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìlú Kékeré Ẹ̀bá Ojú-Irin

Ó dá wa lójú pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ti rí rélùwéè kékeré rí, ìbáà ṣe nínú fèrèsé ilé ìtajà, ìbáà sì ṣe lórí tábìlì nílé ọ̀rẹ́: ẹ́ńjìnnì tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí iná mànàmáná ń mú sáré lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ rí i, ẹ́ńjìnnì náà ni yóò máa wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró pẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ yóò kúrò lára ohun tí ń sáré, yóò sì lọ sára ohun tí ó dúró: ilé, ọ̀nà, ọjà, afárá àti ọgbà. Àwọn wọ̀nyí ni yóò sọ fún un bóyá ìlú ni òun ń wò tàbí ohun ìṣeré lásán. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi abala ilé ti ọ̀sẹ̀ yìí sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń to ọ̀nà àti ilé sí ẹ̀bá ojú-irin kékeré, iṣẹ́ tí agbo ilé wa dáwọ́ lé nígbà òtútù tí ó kọjá ní ìlú London, níbi tí a ń gbé.

Àwa gbà pé ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ tẹ ìlú kékeré dó bi ara rẹ̀ kí ó tó mú ọ̀bẹ àti gọ́ọ̀mù: ta ni rélùwéè bá nílé? Lórí tábìlì, irin ni a kọ́kọ́ ń tẹ́, nítorí pé irin kò ṣe é tẹ̀ bí a bá ti fẹ́. Ilé àti ọ̀nà ni a sì ń fi dí àyè tí ó bá ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ní ayé tí a ń gbé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ti wà níbẹ̀, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti la ọ̀nà odò àti ọ̀nà oko, kí ẹni tí ń wọn ilẹ̀ fún rélùwéè tó dé. Bí ẹni tí ń to ìlú kékeré kò bá rántí èyí, ìlú rẹ̀ yóò dàbí èyí tí a bí lánàá nítorí ọkọ̀ nìkan. Ojú ẹni tí ń wò ó yóò sì mọ̀ pé ohun kan kù, bí ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ lè sọ ohun náà.

Ó ti pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, a sì lọ wo díẹ̀ nínú rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ní Beaconsfield, ní Buckinghamshire, ọgbà kan wà tí a ń pè ní Bekonscot, tí a ṣí ní ọdún 1929. Ọ̀gbẹ́ni Roland Callingham, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣirò owó, ni ó dá a sílẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé rélùwéè kékeré gba inú ilé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí aya rẹ̀ fi sọ fún un pé, nínú òun àti rélùwéè náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Ọkùnrin náà sì gbé rélùwéè jáde sínú ọgbà. Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ má rẹ́rìn-ín jù! Níbẹ̀ ni a ti kọ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, àti òpópónà, tí a dín ohun gbogbo kù sí ìdá kan nínú 12, débi pé ọ̀pọ̀ òrùlé ibẹ̀ kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ.

Ní Long Wittenham, ní Oxfordshire, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pendon. Roye England, ẹni tí ó dá a sílẹ̀, ti Australia wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1925. Nígbà tí ó rí i pé àwọn ilé àtijọ́ olórùlé koríko tí ó wà ní àfonífojì White Horse ń parẹ́, àti pé a ń pa àwọn mìíràn láwọ̀ dà, ó pinnu láti fi páálí kọ́ irú wọn ní ìdá kan nínú 76, kí ìrántí wọn má baà run. Ilé kan ṣoṣo lè gba ènìyàn ní oṣù púpọ̀. Ní ibẹ̀ kan náà ni a tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ John Ahern sí, èyí tí ó pè ní Madder Valley. Àfonífojì tí Ahern ṣe yìí kò sí níbì kankan láyé. Inú ọkàn rẹ̀ ni ó ti mú un jáde. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé inú rẹ̀ ni ó fi ojú wò lára ilé tí ó wà nítòótọ́ ní oríṣiríṣi ìlú.

Àlùfáà W. Awdry pẹ̀lú, ẹni tí ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa àwọn ẹ́ńjìnnì jáde ní ọdún 1945, jẹ́ ẹni tí ń ṣe rélùwéè kékeré. Nígbà tí àwọn ọmọdé ń bi í léèrè nípa ohun tí kò bára mu nínú àwọn ìtàn náà, òun àti arákùnrin rẹ̀ George jókòó, wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ erékùṣù Sodor, wọ́n sì fún un ní ìlú, odò, òkè, àti ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí rélùwéè tó dé. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn mẹ́ta wọ̀nyí gbà: kí ọkọ̀ tó lè ní ibi tí ó ń lọ, ìlú ní láti ti wà.

Nígbà tí ó kan àwa náà, a kò fẹ́ ṣe abúlé Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ wa méjèèjì, tí a bí sí London, ti mọ abúlé Gẹ̀ẹ́sì tó; ìlú ìyá wọn àgbà ni wọn kò mọ̀. Ìlú náà wà lẹ́bàá ojú-irin àtijọ́ láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ìyá wa, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wà lọ́dọ̀ wa fún oṣù mẹ́fà nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni yóò padà sílé. Gbogbo àwọn tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú agbo ilé baba rẹ̀ ni wọ́n ti lọ. Nítorí náà, ohun tí a kò bá bi í léèrè kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó ṣe é ṣe kí a má rí ẹni bi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí bí rélùwéè ti dé ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Èkó; ní ọdún 1901 a ṣí ojú-irin náà dé Ìbàdàn; ní ọdún 1907 ó dé Òṣogbo. Àlàfo tí ó wà láàrin irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀. Ní Ìbàdàn, rélùwéè kò wọ àárín ìlú lọ bá Ọjà Ọba. Ẹ̀yìn ìlú, ní apá ìwọ̀-oòrùn, ni ó dúró sí, àwọn ilé ìtajà ńláńlá sì lọ bá a níbẹ̀, títí Dùgbẹ̀ àti Gbági fi di ojúkò òwò. Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ lóde òní. Rélùwéè tuntun tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 2021, Mọ́níyà ni ó dúró sí, tí ó jìnnà sí àárín ìlú. Mọ́tò ni ó ń gbé èrò lọ bá a.

Láti inú ìtàn yìí ni a ti rí i pé oríṣi ọ̀nà méjì ni ó yẹ kí ó wà lórí pákó wa. Ọ̀nà kìíní ni ti àtijọ́, èyí tí ó ti ààfin àti ọjà wá. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó là á, nítorí náà kò lọ tààrà: ó yí agbo ilé yìí ká, ó yà fún igi odán, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò. Ọ̀nà kejì ni ti téṣàn. Okùn àti èèkàn ni a fi là á, ó lọ gbọọrọ láti ọjà dé ojú-irin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì kún fún ṣọ́ọ̀bù, sitóò kòkó, àti ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì olópòó, irú èyí tí àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil bọ̀ mú wá sí Èkó, tí ó sì tàn kálẹ̀ dé àwọn ìlú òkè. Ẹni tí ó bá rí ọ̀nà méjèèjì papọ̀ lórí pákó yóò mọ èyí tí ó ṣáájú, láìsí pé a kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Irin kékeré tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́jà ni èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5. Bí a bá pín ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀ sí ọ̀nà 64, ohun tí a ó rí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá irin yìí mu pátápátá. Ọgbọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ oní-rélùwéè kékeré ní New Zealand ń lò, nítorí pé ìwọ̀n ojú-irin ilẹ̀ tiwọn kò yàtọ̀ sí tiwa àtijọ́. Ìdá kan nínú 64 ni a mú nígbà náà. Ènìyàn tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8 di nǹkan tí ó fi díẹ̀ ju íǹṣì 1 lọ; ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 20 di íǹṣì 3¾; ilé tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 di íǹṣì 7½. Pákó wa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí a bá ṣírò rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ tí a ní kò ju ẹsẹ̀ bàtà 512 lọ ní gígùn, àti 128 ní ìbú. Máìlì kan ṣoṣo ìbá gba pákó tí ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 82 lọ. Ìlú kan kò lè wọ inú èyí. Yíyàn ni a ní láti yàn, ẹni tí ó bá sì ń yàn ní láti mọ ohun tí kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀.

Kí a má baà fi gọ́ọ̀mù àti owó ṣòfò, a kọ́kọ́ tẹ́ ìwé gbígbòòrò sórí pákó, a fi lẹ́ẹ̀dì ya irin àti ọ̀nà sí i, a sì gé páálí oúnjẹ àárọ̀ ní ìwọ̀n ilé kọ̀ọ̀kan, a ń tì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọmọ wa ọkùnrin ni ó to àwọn páálí náà nígbà àkọ́kọ́. Ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó kọ ojú gbogbo wọn sí ibi tí ẹni tí ń wò yóò dúró sí. Ìyá wa fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara ró, ó wò ó títí, ó ní, “Ọkọ mi, ta ni ó ń kọ́lé tí ó ń kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà? Ṣé ẹni tí ń wò ni ẹ kọ́ ọ fún ni, àbí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀?” Ọmọ náà yí ojú àwọn ilé padà sí ọ̀nà, àwọn kan sì wá kọ ẹ̀yìn sí wa. Láti ìgbà náà ni pákó náà ti dàbí ibi tí ènìyàn ń gbé, tí àwa sì jẹ́ àlejò tí ń wò ó láti ẹ̀yìnkùlé.

Ó tún ń béèrè lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́. Níbo ni kànga wà? Níbo ni wọ́n ń da ilẹ̀ sí? Igi wo ni àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán? Ohun tí ó sọ tí ó níye lórí jù lọ ni ti ọ̀nà kan tí kò lè sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé tí òun ń gbé ẹ̀kọ lọ tà fún àwọn èrò ọkọ̀, àwọn kì í gba ọ̀nà téṣàn, nítorí pé ó yí jù, ọkọ̀ kì í sì í dúró pẹ́. Bí àwọn bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àárín ilé méjì ni àwọn ń gbà, àwọn yóò kọjá lẹ́yìn ìdí àdìrò ẹnìkan, àwọn yóò fo gọ́tà, àwọn yóò sì yọ sí ìdí pèpéle téṣàn kí ẹ́ńjìnnì tó dúró. Ọmọ wa obìnrin mú lẹ́ẹ̀dì, ó ya ọ̀nà náà bí ìyá àgbà ti ń fi ìka tọ́ka. Kò fẹ̀ ju ìdajì íǹṣì lọ. Àwa kò ní fi ọ̀nà mìíràn lórí pákó náà ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àyè kò gba gbogbo wa. Ọmọ wa ọkùnrin fẹ́ irin kejì ní ẹ̀gbẹ́ téṣàn, níbi tí ọkọ̀ ẹrù mẹ́rin yóò máa dúró láti kó kòkó, èyí tí ó gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2. Agbo ilé tí ìyá wa sọ nípa rẹ̀, pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀, gba íǹṣì 11. Méjèèjì bọ́ sí ojú kan náà. Ọmọ náà fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, “Màmá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, páálí ṣáà ni. A lè gbé e sí ibòmíràn.”

Ìyá wa kò bínú. Ó jókòó, ó sì sọ ìtàn tí àwa tìkára wa kò gbọ́ rí. Ó ní nígbà tí òun ti di ọ̀dọ́mọbìnrin, àwọn kan wá láti fẹ ọ̀nà ìlú náà sẹ́yìn. Wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀, èèkàn náà sì gba àárín ilé àbúrò baba òun kọjá. A wó iwájú ilé náà, a fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ ni ẹni tí ń kọjá lọ́nà fi ń rí ibùsùn àwọn ènìyàn ní gbangba. Ó wá wojú ọmọ náà, ó ní, “Ọkọ mi, ẹni tí ó wá sọ fún wa nígbà náà, ìwé ni òun náà mú dání. Lórí ìwé tirẹ̀, ilé wa kò tó èékánná.”

Kò sí ẹni tí ó sọ nǹkan kan sí i. A kò pàṣẹ fún ọmọ náà. Ní ọjọ́ kejì ni a bá irin náà tí ó ti gé e kúrú, tí ó ku ibi tí ọkọ̀ ẹrù méjì yóò dúró sí. Ó ṣàlàyé fún wa pé téṣàn kékeré ni, àti pé bí kòkó bá pọ̀, ọkọ̀ lè wá lẹ́ẹ̀mejì. Èyí jẹ́ òtítọ́. Irú téṣàn bẹ́ẹ̀ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbo ilé náà sì wà níbi tí ó wà.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò fẹ́ gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí a ka díẹ̀ nínú ohun tí ọwọ́ wa ti kọ́.

Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀nà àti ilé tẹ̀lé etí pákó gbọọrọ. Etí pákó jẹ́ ti gbẹ́nàgbẹ́nà, kì í ṣe ti ìlú. Ẹ dá wọn ní ìbú díẹ̀, ojú yóò sì rò pé ìlú náà kọjá ibi tí pákó dé.

Èkejì, ọ̀nà kò gbọdọ̀ lọ forí sọ pákó ẹ̀yìn tí a kùn bí ojú ọ̀run. Ẹ jẹ́ kí ó yà sẹ́yìn ilé tàbí sí abẹ́ igi kí ó tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá sì mú kí ó máa tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń lọ sẹ́yìn, yóò dàbí ẹni pé ó jìnnà.

Ẹ̀kẹta, ilé tí ó wà lẹ́yìn pátápátá kò ní láti pé. Iwájú rẹ̀ àti nǹkan bí íǹṣì kan nínú òrùlé rẹ̀ tó, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò rí ìyókù. Báyìí ni a fi rí àyè fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta níbi tí ọ̀kan ìbá gbà tán.

Ẹ̀kẹrin, níbi tí ọ̀nà bá ti dábùú ojú-irin, ẹ jẹ́ kí ó dábùú rẹ̀ ní tààrà bí ó bá ti lè ṣe é ṣe tó, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì fún ọkọ̀ tí yóò dúró de rélùwéè. Níbi tí irin bá sì ti tẹ̀, ẹ mú ọkọ̀ èrò tí ó gùn jù, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn lára, ẹ tì í kọjá lórí ìwé. Àárín àti ìpẹ̀kun rẹ̀ yóò yọ síta ju irin lọ. Ibi tí lẹ́ẹ̀dì bá fà dé, ògiri kankan kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀nà lè gun òkè tí rélùwéè kò lè gùn. Òkè tí ó ga ní íǹṣì 1 nínú 40 ti wúwo fún ẹ́ńjìnnì kékeré. Ọ̀nà lè gun íǹṣì 1 nínú 10 láìsí ìyọnu. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ dìde díẹ̀ lẹ́yìn téṣàn. Pákó tiwa kò fẹ̀ tó kí irin lè yípo lórí rẹ̀, nítorí náà a jẹ́ kí ọ̀nà gun afárá kọjá lórí irin ní ìpẹ̀kun kan; abẹ́ afárá náà ni ọkọ̀ ti ń yọ wá láti ibi tí a fi í pa mọ́ sí, ẹni tí ń wò yóò sì rò pé Abẹ́òkúta ni ó ti ń bọ̀.

Ẹ̀kẹfà, kí ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́lẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kí ojú yín bá orí pákó dọ́gba. Ẹni tí ó dúró lórí ìdúró ń wò bí ẹyẹ. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ ń wò bí ará ìlú. Ilé tí ó dára lójú ẹyẹ lè dí ojú ọ̀nà pa fún ará ìlú.

Ìyá wa ti padà sílé. Ìwé tí a fi lẹ́ẹ̀dì yà wà lórí pákó síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí ó fún wa níbi ilé kọ̀ọ̀kan. A sì ń fi ilé tòótọ́ rọ́pò páálí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí iyèméjì bá dé, a ń fi fóònù ya àwòrán ránṣẹ́ sí i, ó sì ń dá wa lóhùn. Bí ó bá ṣe pé títẹ́ irin ni a kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́fà náà ṣe, kí a sì máa wá ìlú lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ wa ìbá ti máa sáré nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò dúró dè é ní téṣàn.

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó lágbára láti ra ẹ́ńjìnnì kékeré, kò sì pọn dandan. Ìwé gbígbòòrò kan, lẹ́ẹ̀dì, páálí bàtà, àti àgbà kan tí ó ṣì ń rántí ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì ní ọjọ́ ìsinmi àwọn ọmọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n béèrè ibi tí kànga wà, ọ̀nà tí a ń gbà lọ sí ọjà, àti ilé ta ni ó wà níbẹ̀ kí ọ̀nà títóbi tó dé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà wa ni ó wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó mọ ọ̀nà kékeré bá lọ tán láìsí ẹni tí ó bi wọ́n, ọ̀nà títóbi nìkan ni yóò kù fún àwọn ọmọ wa láti rìn.